Dókítà Baikie àti Ìrìn-Àjò Odò Ọya

Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ìkòròdú kò ní ṣàì mọ orúkọ Glover, alákòóso Èkó, ẹni tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tú ogun Ẹ̀gbá tí ó dó ti ìlú náà ká ní oṣù kẹta ọdún 1865. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa, ìbáà ṣe ní Ìtamàga tàbí ní Ẹ̀pẹ́, ni ó mọ̀ pé inú ẹgbẹ́ tí oníṣègùn kan ṣe aṣáájú rẹ̀ ni Glover bá dé ilẹ̀ yìí. Ìtàn oníṣègùn náà ni a fẹ́ sọ.

William Balfour Baikie ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Kirkwall ní erékùṣù Orkney, lókè pátápátá ní àríwá Scotland, ni a bí i sí ní ọdún 1825. Ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Edinburgh, ó sì wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1848.

Kí á tó lè mọ rírì ohun tí ó ṣe, ó yẹ kí á rántí ọdún 1841. Ní ọdún náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta wọ Odò Ọya, láti bá àwọn ọba etí odò mulẹ̀ kí òwò ẹrú lè dópin. Nǹkan bí 150 ni àwọn òyìnbó tí ó lọ. Láàrin oṣù díẹ̀, ibà ti dá púpọ̀ nínú wọn dùbúlẹ̀, àwọn tí ó kú sì tó 40. Sàmúẹ́lì Àjàyí Crowther, tí ó ṣì jẹ́ olùkọ́ nígbà náà, wà nínú ọkọ̀, ó sì fi ojú ara rẹ̀ rí i. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Yúróòpù ti ka odò náà sí ibojì.

Nígbà tí wọ́n tún ṣètò ìrìn-àjò mìíràn ní ọdún 1854, John Beecroft ni ó yẹ kí ó jẹ́ olórí. Beecroft kú ní erékùṣù Fernando Po kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, Baikie, ọmọ ọdún 28, sì gba ipò rẹ̀. Òyìnbó 12 àti ọmọ Áfíríkà 54 ni ó wà nínú ọkọ̀ Pleiad. Crowther tún bá wọn lọ. Ó ti di àlùfáà báyìí, kò sì jẹ́ kí ohun tí ó rí ní ọdún 1841 dá òun dúró.

Kí ni Baikie ṣe tí àwọn ìṣáájú kò ṣe? Kunínì ni. Èèpo igi kan láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ń ṣe oògùn yìí, ó sì korò bí jogbo. Tẹ́lẹ̀, ó di ìgbà tí ibà bá mú ènìyàn kí wọ́n tó fún un. Baikie pò ó mọ́ wáìnì, ó sì ń fún àwọn òyìnbó rẹ̀ ní ojoojúmọ́ nígbà tí ara wọn ṣì le. Ìyá tí ó bá ti fi agbo fún ọmọ tí kò ṣàìsàn rí mọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ẹ jẹ́ kí á rántí pẹ̀lú pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀fọn ni ó ń gbé ibà kiri; ọdún 1897 ni Ronald Ross tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Afẹ́fẹ́ búburú láti inú irà ni wọ́n dá lẹ́bi.

Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni wọ́n lò lórí omi, wọ́n sì wọ inú odò Bẹ́núé jìnnà ju ibi tí ọkọ̀ òyìnbó kankan ti dé rí lọ. Ibà mú àwọn kan, ṣùgbọ́n kò pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ìròyìn yìí ni ó ṣí ọ̀nà tí Crowther fi dá Míṣọ̀n Odò Ọya sílẹ̀ ní ọdún 1857. A kò gbọdọ̀ fi bò pé Baikie kì í ṣe míṣọ́nnárì: ìjọba ni ó rán an, òwò sì wà nínú rẹ̀. Oògùn tí ó ṣí ọ̀nà fún ìwàásù náà ni ó ṣí i fún ìbọn àti fún ìjọba àjèjì lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1857 ó padà wá pẹ̀lú ọkọ̀ Dayspring, Glover sì wà láàrin wọn. Ọkọ̀ náà fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà. Wọ́n pàgọ́ sí etí odò fún nǹkan bí ọdún kan, Glover sì fi ẹsẹ̀ rìn la ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó láti wá ohun tí wọn yóò jẹ. Àwọn Hausa tí ó tẹ̀lé e ní ọ̀nà náà ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ọmọ ogun Hausa rẹ̀. Kunínì kò sì wo gbogbo àrùn: Charles Barter, tí ó mọ̀ nípa igi àti ewéko nínú ẹgbẹ́ náà, kú ní Rábà ní ọdún 1859.

Àwọn yòókù ń lọ sílé, Baikie dúró. Ó tẹ̀dó sí Lọ́kọ́ja, níbi tí Odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé, ó ṣán igbó, ó la ọ̀nà, ó dá ọjà sílẹ̀, ó sì ń tọ́jú àwọn aláìsàn. Ó ṣa ọ̀rọ̀ jọ láti inú èdè púpọ̀, ó sì túmọ̀ apá kan nínú Bíbélì àti Ìwé Àdúrà sí èdè Hausa. Ní ọdún 1862 ó rin ìrìn-àjò dé Kánò.

Nígbẹ̀yìn, ìjọba pè é padà sílé. Kò dé ilé. Ó kú ní Sàró ní oṣù Kejìlá ọdún 1864, kò tí ì pé ọmọ 40 ọdún. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn ará ìlú rẹ̀ gbé òkúta ìrántí kalẹ̀ fún un nínú kàtídírà St Magnus ní Kirkwall. Nílẹ̀ Ìgbò pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé láti inú orúkọ rẹ̀ ni a ti mú ọ̀rọ̀ náà béké, tí wọ́n fi ń pe òyìnbó.