Ìgbésí Ayé J.P.L. Davies (1828–1906), Oníṣòwò Tó Di Àgbẹ̀ Olókòkó

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Fidjrossè kì í kọ́kọ́ béèrè owó. Ọ̀kan fẹ́ ṣí ilé ìránṣọ, òmíràn ń ta oúnjẹ lórí fóònù, ẹlòmíràn fẹ́ máa kó gaàrí lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ohun tí gbogbo wọn ń wá ni ẹni tó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú wọn, tí yóò fi ibi tí kòtò wà hàn wọ́n, tí yóò sì mú wọn mọ àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀. Àwọn kan nínú wọn gbà pé àṣà tuntun tó ti òkè òkun wá ni. Nítorí wọn ni a ṣe kọ ìtàn James Pinson Labulo Davies sílẹ̀. Ìdí kejì ni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan àwa ará Benin ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe mọ̀ lọ: Àgbómẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ ti jáde kó tó di ẹni tí ayé mọ̀.

Oṣù kẹjọ ọdún 1828 ni wọ́n bí Davies ní abúlé Bathurst, ní ilẹ̀ Sàró. Ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ àti Abẹ́òkúta ni orírun wọn, wọ́n sì wà lára àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn C.M.S. ní Freetown, lẹ́yìn náà ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń darí ọkọ̀. Ó wà nínú àwọn ọmọ ogun tó yìnbọn lu Èkó ní 1851, nígbà tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́. A kò ní fi èyí pamọ́ nítorí pé a fẹ́ yìn ín. Ó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ ní 1852, ó di ọ̀gá ọkọ̀ oníṣòwò, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Èkó ní 1856.

Owó wọlé fún un kíákíá. Ohun tó jẹ wá lógún ni ohun tó fi í ṣe. Thomas Babington Macaulay, àna Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n kò ní owó ìwé àti ohun èlò. Davies fún un ní £50. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ọdún 1859, ilé ẹ̀kọ́ náà ṣí pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà péré. Òun ni ilé ẹ̀kọ́ girama àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tó di Nàìjíríà lónìí. Ní 1866, nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Academy sílẹ̀ ní Èkó, níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé àti oníṣòwò ti ń pàdé lórí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ àti àṣà, Crowther ni baba ìsàlẹ̀ rẹ̀, Davies sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Àwa tí a ń sáré kiri láti rí gbọ̀ngàn tí a ó fi ṣe ìpàdé mọ bí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe rí.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1862 ló gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó ní Brighton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkè-Ọdàn ni wọ́n bí Sarah sí. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì ló kó ìlú náà, tí wọ́n sì mú ọmọdébìnrin yìí lọ sí Àgbómẹ̀ ní ẹrú. Ní 1850, Ọba Gezo fà á lé Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, lọ́wọ́. Ọbabìnrin Victoria gbà á bí ọmọ, ó sì ń sanwó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wa bá ń gba ọ̀nà etí òkun láti Fidjrossè lọ sí Ouidah, kó rántí pé ibùdókọ̀ Ouidah ni Forbes ti gòkè lọ sí Àgbómẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan dojú rú. Àwìn ni Davies fi ń gba ọjà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ oníṣòwò Èkó ìgbà náà, àwìn náà ló sì bì í ṣubú. Ní 1876, ẹjọ́ gbèsè rẹ̀ dé ilé ẹjọ́. Ní àárín ìdààmú náà, àìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ mú Sarah. Ó kú ní erékùṣù Madeira ní oṣù kẹjọ ọdún 1880, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀.

Ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí gbèsè ti bà lórúkọ jẹ́, tó tún di opó: ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn ìbá parí sí. Davies lọ sí oko. Ó ti rí irúgbìn kòkó gbà ní 1879 àti 1880, díẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi Brazil kan, díẹ̀ láti erékùṣù Fernando Po. Ó gbìn ín sí Ìjọ̀n, ní ìwọ̀ oòrùn Èkó. Oko náà sì yè. Òun kọ́ ló kọ́kọ́ gbin kòkó ní gbogbo Nàìjíríà. Àwọn kan ti gbìn ín ní ìhà ìlà oòrùn ṣáájú rẹ̀. Inú oko yìí ló gbé òpó ìrántí sí fún Sarah, ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ lọ.

Kòkó kì í ṣe àgbàdo tí a ó gbìn lónìí kí a yà á lóṣù mẹ́ta. Ó máa ń tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún kó tó so. Ọ̀gbìn kékeré ń fẹ́ ìbòòji, nítorí náà ni àgbẹ̀ ṣe ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i láàárín. Bí wọ́n bá sì ká a tán, a gbọ́dọ̀ bo èso rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó bà, kí a tó sá a sóòrùn. Ẹni tí kò mọ ìyẹn yóò kó èso burúkú lọ sọ́jà. Ẹni tó fi ọdún púpọ̀ kọ́ gbogbo èyí, tí gbèsè ṣì ń lé, ì bá ti pa ẹnu mọ́ kí òun nìkan lè máa tà. Davies kọ́ ẹlòmíràn.

Jacob Kehinde Coker, ọ̀dọ́ tó fi ọdún méjìdínlógójì kéré sí i, wà lára àwọn tó jogún ìmọ̀ náà. Coker dá oko tirẹ̀ sí Ìfàkò, ní ìhà Àgége. Lójú tiwa, ẹ̀bùn yìí tóbi ju £50 ti ọdún 1859 lọ, nítorí nígbà tó fi £50 sílẹ̀, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Davies kú ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1906. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Coker àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Àgége sílẹ̀, Coker sì jẹ́ ààrẹ rẹ̀. Àwọn alágbàṣe wá láti ìlú òkè ṣiṣẹ́ ní oko wọn, wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì gbé irúgbìn lọ sílé nígbà tí àdéhùn wọn parí. Coker tún wà lára àwọn aṣáájú Ìjọ Áfíríkà, tó ya kúrò lára Ìjọ Áńgílíkà ní 1901, àwọn oníwàásù ìjọ náà sì ń kọ́ àwọn ènìyàn ní ọ̀gbìn kòkó níbi tí wọ́n bá dé. Báyìí ni kòkó ṣe ti Àgége dé Ìbàdàn, tó dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Oǹdó àti Èkìtì, lọ́wọ́ àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn kò gbọ́ orúkọ Davies rí.