Ìtàn Friedlieb Ferdinand Runge, Ẹni tí Ó Rí Agbára tí Ó Farasin nínú Kọfí

Díẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì jẹ obì rí ní òru nígbà tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, kí oorun má bàa gbé e lọ. Ohun tí ń lé oorun nínú obì náà ni ó ń lé e nínú tíì àti nínú kọfí pẹ̀lú, káfíìnì sì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ènìyàn kan fẹ́ adùn kọfí, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ àìsùn tí ń tẹ̀lé e. Nítorí irú wọn ni a ṣe ń ṣe kọfí tí a ti yọ káfíìnì kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó lè yọ ohun kan kúrò níbi tí ó wà, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìtàn ẹni náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi.

Ní ọdún 1794 ni a bí Friedlieb Ferdinand Runge ní Billwerder, nítòsí ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì. Oníwàásù ni baba rẹ̀, kì í sì í ṣe ọlọ́rọ̀. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà díẹ̀, a fi í sẹ́nu iṣẹ́ ìpoògùn ní ìlú Lübeck. Ní ọjọ́ kan tí ó ń po oògùn, oje igi olóró kan ta sí i lójú. Kò pẹ́ tí ọmọlójú rẹ̀ fi fẹ̀ gbàǹgbà, tí ìríran rẹ̀ sì di bàìbàì. Ẹlòmíràn ìbá bu omi sójú, kí ó sì gbàgbé ọ̀rọ̀ náà nígbà tí ojú bá sàn. Runge kò gbàgbé. Ó fi í sọ́kàn pé bí oje yìí bá lè la ọmọlójú báyìí, a lè fi ojú ẹranko dán an wò láti mọ̀ bí oró náà bá wà nínú ohun kan.

Lẹ́yìn èyí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Berlin àti Göttingen, ó sì dé Jena, níbi tí Döbereiner, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kẹ́místrì, ti jẹ́ olùkọ́ rẹ̀. Olùkọ́ yìí kò fi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pamọ́. Ó ròyìn rẹ̀ fún Goethe, akéwì ńlá ilẹ̀ Jámánì, ẹni tí ó fẹ́ràn ìmọ̀ ìṣẹ̀dá púpọ̀. Goethe sì ránṣẹ́ pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ọdún 1819.

Runge kò ní aṣọ tí ó yẹ fún irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀. Ó yá ẹ̀wù, ó yá fìlà gíga, ó gbé ológbò sí abíyá, ó sì gba àárín ọjà Jena kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé iwájú Goethe, tí àgbà náà rí i pé ọmọlójú ológbò náà kan fẹ̀ ju èkejì lọ, ẹ̀rín di ìyàlẹ́nu. Ẹni àádọ́rin ọdún ni Goethe nígbà náà. Àlejò rẹ̀ kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kí ó tó jẹ́ kí ó lọ, ó mú èso kọfí díẹ̀ tí ẹnìkan ti fi ta á lọ́rẹ, ohun tí ó ṣọ̀wọ́n, ó kó o lé Runge lọ́wọ́, ó sì ní kí ó lọ wádìí ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà wa máa ń wí pé ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni a fi ń pa èèrà kí a tó rí ìfun inú rẹ̀. Báyìí ni Runge ṣe sí kọfí náà. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tí ó fi rí ohun funfun kan yọ nínú rẹ̀, tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́, tí kò ní òórùn, tí ó sì korò. Èyí ni káfíìnì. Nínú èso kọfí kò ju nǹkan bí ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, síbẹ̀ òun ni ó ń jẹ́ kí ojú là. Ní ọdún 1821 àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé tún rí i fúnra wọn, ṣùgbọ́n Runge ti ṣáájú wọn.

Ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Breslau, ìlú tí a ń pè ní Wrocław ní ilẹ̀ Poland lónìí. Lẹ́yìn náà ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kan ní Oranienburg, nítòsí Berlin. Níbẹ̀ ni ó ti wo ọ̀dà dúdú tí ó ń ti ara èédú ilẹ̀ jáde, ohun tí àwọn ènìyàn kà sí ìdọ̀tí lásán. Ní ọdún 1834 ó fi hàn pé aniline wà nínú rẹ̀, èyí tí ó lè di aró, àti ásíìdì kábọ́líìkì pẹ̀lú. Ó rọ àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n fi ọ̀dà yìí ṣe aró fún títà, ṣùgbọ́n wọn kò gbà. Ní ọdún 1856 Perkin, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fi aniline ṣe aró àlùkò, ó sì di ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1865 Lister bẹ̀rẹ̀ sí fi ásíìdì kábọ́líìkì wẹ ojú ọgbẹ́, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ aláìsàn là. Ní ti Runge, ní ọdún 1852 ni a ti lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kò fi ìbínú jókòó. Ó ń kán omi aláwọ̀ oríṣiríṣi sórí bébà, ó ń wo bí wọ́n ti ń ya ara wọn sọ́tọ̀, ó sì tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 1855. Kò gbéyàwó. Nínú àìní ni ó kú ní Oranienburg ní oṣù kẹta ọdún 1867.

Ó tó ogójì ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ kí ohun tí ó rí nínú kọfí tó di òwò. Ludwig Roselius, oníṣòwò kọfí ní Bremen, gbà gbọ́ pé àmujù kọfí ni ó pa baba òun. Ó wá ọ̀nà láti yọ káfíìnì kúrò, ó sì dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1906. Kọfí tútù, tí a kò tíì yan, ni ó ń lò. A ó fi ooru omi híhó sè é títí yóò fi wú, tí ara rẹ̀ yóò sì là. A ó wá fi omi olóòórùn kan tí a ń pè ní benzene fọ̀ ọ́, káfíìnì yóò sì yọ́ sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà a ó tún fi ooru lé benzene jáde, a ó sá kọfí náà gbẹ, a ó sì yan án. Nígbà tí a mọ̀ pé benzene ń pa ènìyàn lára, a pa á tì. Lónìí àwọn kan ń lo omi lásán. Omi tí adùn kọfí ti kún ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, kí ó má bàa tún rí adùn gbà lára rẹ̀, kìkì káfíìnì ni yóò gbà. Èédú ni wọ́n sì fi ń sẹ́ káfíìnì kúrò nínú omi náà. Àwọn mìíràn ń lo afẹ́fẹ́ carbon dioxide tí a fi agbára ńlá tẹ̀ pọ̀, ọ̀nà tí Kurt Zosel rí ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1967. Síbẹ̀ káfíìnì kì í tán pátápátá, díẹ̀ a máa ṣẹ́kù.

Nínú gbogbo èrè wọ̀nyí, kọ́bọ̀ kan kò dé ọwọ́ Runge. Àwọn tí ó wà nípò láti gbọ́ ọ ní Oranienburg di etí wọn. Ṣùgbọ́n ní Jena olùkọ́ kan sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní rere, àgbà kan kò sì fi ẹ̀wù àyálò àti ológbò rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ó fi èso díẹ̀ àti iṣẹ́ kan rán an. Àwa tí a ń lọ di olùkọ́ yóò pàdé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì wa. Ọwọ́ wa ni yóò kù sí láti yan èyí tí a ó ṣe sí i nínú méjèèjì.