Ìyáàfin Eleanor Roosevelt àti Ìwé Ẹ̀tọ́ Tí A Fi Lé Àwọn Olùkọ́ Lọ́wọ́

Bí a bá dárúkọ Ìyáàfin Eleanor Roosevelt létí ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ilẹ̀ wa, aya Ààrẹ Amẹ́ríkà ni wọn yóò kọ́kọ́ rántí. Òtítọ́ ni pé ọkọ rẹ̀, Franklin Roosevelt, wà ní ipò Ààrẹ láti 1933 títí ikú fi mú un lọ ní 1945. Ṣùgbọ́n àwa ń fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú yín.

A bí i ní ìlú New York ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1884, sínú ìdílé ọlọ́rọ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Theodore Roosevelt, di Ààrẹ ní 1901. Owó wà nílé, ṣùgbọ́n ayọ̀ kò sí. Kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ìyá àti bàbá rẹ̀ fi kú tán. Àìsàn ni ó pa ìyá, ọtí líle ni ó sì ba ayé bàbá jẹ́. Ìyá ìyá rẹ̀ ni ó gbà á tọ́. Ọmọ òrukàn náà dàgbà pẹ̀lú ìtìjú àti ìbẹ̀rù, kò sì gbà pé òun lè já mọ́ nǹkan kan.

Ní 1899 ni wọ́n rán an lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin tí a ń pè ní Allenswood, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù. Obìnrin ará Faransé kan, Marie Souvestre, ni ọ̀gá ibẹ̀. Souvestre kì í fẹ́ kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa da ọ̀rọ̀ olùkọ́ padà sí i bí ayékòótọ́. Ó fẹ́ kí olúkúlùkù fi orí ara rẹ̀ ronú. Nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Bóà ń jà ní Gúúsù Áfíríkà, ní àárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an ni ó ti jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ẹ̀yìn àwọn Bóà ni òun wà. (Gbogbo wa ni a mọ ohun tí àwọn Bóà náà padà fi ojú ènìyàn dúdú rí, ṣùgbọ́n ìgboyà olùkọ́ ni à ń sọ.) Ọdún mẹ́ta ni Eleanor lò níbẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé, ọmọbìnrin tí ń bẹ̀rù òjìji ara rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ àwọn tálákà àlejò ní àdúgbò kan tí èrò ti há mọ́ra wọn ní New York.

Ó ṣe ìgbéyàwó ní 1905, ó sì bí ọmọ mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn kú ní ọmọ ọwọ́. Ní 1921 àìsàn rọ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ìtàn ìgbà náà gùn, a ó fò ó kọjá.

Ní 1927 ni òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ra ilé-ẹ̀kọ́ Todhunter ní New York. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ́ni ní ìtàn, lítíréṣọ̀ àti ọ̀ràn ìlú. Ọmọ olówó ni àwọn ọmọ tí ń bẹ níbẹ̀, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ ìlú wọn láti inú ìwé nìkan. A máa kó wọn lọ sí ilé-ẹjọ́ kí wọ́n lè rí bí a ti ń dá ẹjọ́, a sì máa mú wọn wọ ilé àwọn aláìní kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí bí àwọn kan ti ń gbé ní ìlú kan náà pẹ̀lú wọn.

Bí ó ti di aya Ààrẹ kò yí ìwà yìí padà. Ní ìpàdé kan ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, ní 1938, òfin ibẹ̀ ní kí dúdú àti funfun jókòó lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó gbé àga rẹ̀ sí àárín méjèèjì. Ní ọdún kejì, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ńlá-ńlá kan tí òun pàápàá wà nínú rẹ̀ kọ̀ láti jẹ́ kí Marian Anderson, akọrin ènìyàn dúdú, kọrin nínú gbọ̀ngàn wọn. Ó kọ̀wé fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ayé sì gbọ́.

Lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀ ni Ààrẹ Truman fi í ṣe ọ̀kan nínú àwọn aṣojú Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-Èdè. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìbẹ̀rẹ̀ 1946, òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Àwọn ọkùnrin náà fi í sí ìgbìmọ̀ kẹta, èyí tí ń rí sí ọ̀ràn ìgbé-ayé ènìyàn, níbi tí wọ́n rò pé kò ní lè ba ohunkóhun jẹ́. Wọ́n ṣìṣe. Ọ̀ràn àwọn tí ogun lé kúrò nílé dé iwájú ìgbìmọ̀ yẹn gan-an, òun ni ó sì dìde dá Vyshinsky, aṣojú Rọ́ṣíà, lóhùn pé a kò gbọdọ̀ fi ipá dá ẹnikẹ́ni padà sí ibi tí kò fẹ́. Láìpẹ́ ó di alága ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn.

Ẹni méjìdínlógún ni ó wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Chang ti Ṣáínà, Malik ti Lẹ́bánónì àti Cassin ti Faransé wà níbẹ̀, wọ́n sì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìyáàfin Hansa Mehta ti Íńdíà ni ó takú pé bí ìwé náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ọkùnrin, ìjọba kan yóò fi ṣe àwáwí láti yọ obìnrin sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ó borí. Bí ó bá jẹ́ pé èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ìjà náà kì bá tí wáyé, nítorí ènìyàn ni ènìyàn lẹ́nu wa, ìbáà ṣe akọ, ìbáà ṣe abo.

A kò gbọdọ̀ pa èyí tí ó korò mọ́. Ní 1947 ọ̀jọ̀gbọ́n W. E. B. Du Bois kó ẹ̀dùn àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà jọ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀, ó sì gbé e wá síwájú Àjọ náà. Obìnrin tí ó gbé àga sí àárín ní Birmingham kò tì í lẹ́yìn. Ó ń bẹ̀rù pé àwọn ará Rọ́ṣíà yóò fi ẹ̀sùn náà na Amẹ́ríkà ní gbangba, aṣojú ìjọba Amẹ́ríkà sì ni òun. Ìgbìmọ̀ kò gbé e yẹ̀ wò. Du Bois wá sí ilẹ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbẹ̀yìn, Akira ni ó sì kú sí ní 1963. Àwa kò lè fi ọwọ́ bo àbàwọ́n yìí nítorí pé a fẹ́ràn ìyókù iṣẹ́ rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀pẹ, ọdún 1948, ní Paris, ìpàdé àgbà fọwọ́ sí Ìkéde Ẹ̀tọ́ Ọmọ Ènìyàn fún Gbogbo Ayé. Orílẹ̀-èdè 48 gbà á. Kò sí ẹni tí ó kọ̀ ọ́. Mẹ́jọ ni kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sì sọ bẹ́ẹ̀ kọ́: Rọ́ṣíà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́fà lápapọ̀, Sáúdí Arébíà, àti Gúúsù Áfíríkà, tí ìdí tirẹ̀ hàn gbangba. Íjíbítì, Etiópíà àti Làìbéríà nìkan ni ó dìbò fún un láti Áfíríkà. Àwa kò ní àga níbẹ̀. Abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni Nàìjíríà wà.

Ìkéde ni, kì í ṣe òfin tí ilé-ẹjọ́ lè fi mú ìjọba kankan. Bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà fẹ́ ẹ, Ìyáàfin Roosevelt sì gbà á bẹ́ẹ̀, nítorí ó rò pé bí a bá dúró de òfin, ọwọ́ wa lè ṣófo. Inú wa kò dùn sí i títí di òní. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò ní ọlọ́pàá tí kò sì ní adájọ́, ta ni yóò gbé e ró? Ìpinnu tí ó gbé e jáde dáhùn fúnra rẹ̀, ní apá kan tí a kì í sábà mẹ́nu bà. Ó rọ gbogbo ìjọba pé kí wọ́n tan ìwé náà kálẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí a kà á kí a sì túmọ̀ rẹ̀ fún ènìyàn, pàápàá jù lọ ní ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe ilẹ̀ tí ó ti gba òmìnira tàbí ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ẹlòmíràn.

Ẹ ronú lórí gbólóhùn ìkẹyìn yẹn. Abala 21 sọ pé ìfẹ́ àwọn ará ìlú ni ìpìlẹ̀ àṣẹ ìjọba. Kí ni olùkọ́ ní Ìbàdàn tàbí ní Kánò ní 1949 yóò wí bí ọmọ kan bá nawọ́ sókè láti béèrè ẹni tí ó dìbò yan Gómìnà? Gẹ̀ẹ́sì dìbò fún ìwé náà ní Paris, ṣùgbọ́n àwọn ìjòyè tí ń ṣàkóso ọ̀ràn kólónì ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé ìtìjú ni yóò kó bá wọn bí ó bá wọ inú kíláàsì wa. Abala 26 ní kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ẹ̀kọ́ sì gbin ọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn sínú ọmọ. Ní 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ìwé òfin òmìnira wa ti 1960 sì ní orí kan tí ó dá lórí ẹ̀tọ́ ènìyàn.

Ní 1953 ìjọba tuntun ní Amẹ́ríkà kéde pé òun kò ní fọwọ́ sí àdéhùn kankan tí yóò sọ ẹ̀tọ́ wọ̀nyí di òfin. Ìyáàfin Roosevelt fi ipò sílẹ̀ nígbà náà. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó sì lè lọ sinmi. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn tí ń ti Àjọ náà lẹ́yìn ní Amẹ́ríkà ni ó gbà lọ, ó ní òun yóò ṣiṣẹ́ láìgba owó. Láti ìgbà náà ni ó ti ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, ilé-ẹ̀kọ́ kan sí òmíràn, tí ó ń ṣàlàyé ìwé náà. Nígbà tí ó pé ọdún mẹ́wàá, ní oṣù Ẹrẹ́nà 1958, ó gbé ìwé pélébé kan fún Àjọ náà tí ó fi iṣẹ́ lé àwọn ará àdúgbò lọ́wọ́. Èrò rẹ̀ ni pé bí ẹ̀tọ́ kò bá sí nínú ilé, lóko àti nínú kíláàsì tí ọmọ jókòó sí, kò sí níbòmíràn.

Láti 1959 ni ó tún ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Brandeis ní ọ̀ràn àwọn orílẹ̀-èdè. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà, ara rẹ̀ kò sì le mọ́, síbẹ̀ ó ń wọ kíláàsì. Ó kú ní New York ní ọjọ́ 7 oṣù Bélú, ọdún 1962, a sì sin ín sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀ ní Hyde Park. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1966, ni Àjọ náà tó fọwọ́ sí àwọn àdéhùn tí ó sọ Ìkéde rẹ̀ di òfin.