Élie Metchnikoff

Élie Metchnikoff (ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1845 – oṣù Keje ọdún 1916), tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Rọ́síà ń jẹ́ Ilya Ilyich Mechnikov, jẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀dá abẹ̀mí tó gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1908. Òun ni ó fi hàn pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú ara tó máa ń gbé kòkòrò àìfojúrí mì láti dáàbò bo ara. Kì í ṣe oníṣègùn eyín, síbẹ̀ orí àwárí rẹ̀ yìí ni òye òde òní dúró lé nípa ìdí tí àrùn erìgì, ìyẹn àrùn ẹran tó di eyín mú, fi máa ń le nínú àwọn ìdílé kan ju òmíràn lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀

Wọ́n bí Metchnikoff ní abúlé kan nítòsí Kharkiv, ní ibi tí í ṣe orílẹ̀-èdè Ukréìn lónìí, tó wà lábẹ́ Ilẹ̀ Ọba Rọ́síà nígbà náà. Ológun ni bàbá rẹ̀. Ó wọ Yunifásítì Kharkiv, ó sì parí ẹ̀kọ́ ọdún 4 láàárín ọdún 2. Lẹ́yìn ìgbà náà, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa àwọn ẹ̀dá inú òkun ní Jámánì àti Ítálì, kó tó di olùkọ́ ní yunifásítì ìlú Odessa.

Ní ọdún 1869, ó fẹ́ Ludmila Feodorovitch. Ikọ́ ẹ̀gbẹ ti sọ ìyàwó náà di aláìlera débi pé orí àga ni wọ́n gbé e sí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó kú ní erékùṣù Madeira ní ọdún 1873. Ìbànújẹ́ yìí wọ Metchnikoff lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yè é. Ní ọdún 1875, ó fẹ́ Olga Belokopytova, ẹni tó ràn án lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, tó sì kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Àwárí rẹ̀ ní Messina

Ní ọdún 1882, nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú wọ inú yunifásítì Odessa, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, òun àti ẹbí rẹ̀ sì lọ ń gbé ní Messina ní erékùṣù Sicily. Níbẹ̀, ó ń fi máíkírósíkóòpù wo àwọn ọmọ ìràwọ̀ òkun, ẹ̀dá kékeré tí ara rẹ̀ mọ́ gaara bíi díńgí. Ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń rìn kiri nínú ara wọn. Ó wá rò ó pé bí iṣẹ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bá jẹ́ láti dáàbò bo ara, wọ́n gbọ́dọ̀ péjọ yí ohun àjèjì tó bá wọlé ká. Ó já ẹ̀gún róòsì nínú ọgbà ilé, ó sì kì í bọ abẹ́ awọ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti yí ẹ̀gún ká. Wọ́n fún wọn ní orúkọ fágósáìtì láti inú èdè Gíríìkì, èyí tó túmọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ nǹkan.

Àríyànjiyàn àti Ẹ̀bùn Nobel

Kò rọrùn fún un láti mú kí àwọn onímọ̀ gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ìgbà náà rò pé ṣe ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ń gbé kòkòrò kiri inú ara. Àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì gbà pé omi inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń dáàbò bo ènìyàn. Ní ọdún 1888, Louis Pasteur fún un ní iyàrá ìwádìí ní Pasteur Institute ní Paris, ibẹ̀ ló sì ti ṣiṣẹ́ títí ó fi kú. Òun àti Paul Ehrlich, tó jẹ́ aṣíwájú nínú ìmọ̀ nípa agbára omi inú ẹ̀jẹ̀, ni wọ́n jọ pín Ẹ̀bùn Nobel. Nígbà tó yá, ó hàn gbangba pé ọ̀nà méjèèjì ni ara ń lò pa pọ̀. Metchnikoff kú ní Paris ní ọdún 1916, eérú òkú rẹ̀ sì wà ní ilé ìkàwé Pasteur Institute.

Ìtumọ̀ àwárí rẹ̀ fún àrùn erìgì

Ẹnu ènìyàn kún fún kòkòrò àìfojúrí. Nígbà tí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí à ń pè ní nútírófíìlì, tí wọ́n jẹ́ ara fágósáìtì, máa ń jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ wá dúró bí ẹ̀ṣọ́ láàárín erìgì àti eyín. Bí wọn kò bá tó, tàbí bí wọn kò bá lè ṣiṣẹ́, erìgì yóò wú, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, egungun tó gbé eyín dúró yóò máa jẹrà, eyín yóò sì mì. Bí ìjà náà kò bá sì dáwọ́ dúró, ìjà fúnra rẹ̀ a máa ba egungun náà jẹ́.

Àwọn àrùn àjogúnbá mélòó kan fi èyí hàn kedere. Ní ọdún 1924, àwọn oníṣègùn Faransé méjì, Papillon àti Lefèvre, ṣàpèjúwe àrùn kan tó mú àwọn ọmọ ìyá kan náà. Awọ àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ wọn nípọn, eyín wàrà àti eyín àgbà wọn sì ń yọ dànù láìtọ́jọ́. Ní ọdún 1999, àwọn olùwádìí rí i pé àbùkù inú jíìnì tó ń ṣe èròjà cathepsin C ló fà á. Èròjà yìí ni nútírófíìlì nílò láti mú ohun ìjà rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ní Swídìn, Rolf Kostmann ṣàkọsílẹ̀ ní ọdún 1956 nípa àwọn ọmọ tí a bí láìní nútírófíìlì tó pọ̀ tó. Nínú àrùn mìíràn, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò lè jáde lọ sí ibi tí a ti nílò wọn. Àrùn erìgì líle wà lára ohun tí gbogbo wọn ń fà. Nínú àrùn Papillon àti Lefèvre, ọmọ gbọ́dọ̀ gba jíìnì alábùkù lọ́wọ́ bàbá àti lọ́wọ́ ìyá kó tó mú un. Ìdí nìyí tí eyín àwọn òbí fi lè le koko nígbà tí ti ọmọ ń yọ.

Àrùn erìgì tó wọ́pọ̀ kò ti ọwọ́ jíìnì kan ṣoṣo wá. Ìdọ̀tí eyín ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, sìgá mímu àti àtọ̀gbẹ sì ń mú un le sí i, ṣùgbọ́n ìwádìí lára àwọn ìbejì fi hàn pé àjogúnbá náà ní ipa tirẹ̀. Nítorí náà, bí eyín ọmọdé bá ń mì, tí ó sì ń yọ kí àsìkò rẹ̀ tó pé, kò tọ́ kí a kàn di ẹ̀bi ru ìyá pé kò fọ ẹnu ọmọ dáadáa. Ó yẹ kí oníṣègùn eyín yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ tí Metchnikoff ṣàwárí ni kò pé tàbí tí wọn kò lágbára.