Ilé Ẹ̀kọ́ Tí Booker Washington Yàn

Ní ọdún 1856 ni a bí Booker Washington ní oko kan ní ìpínlẹ̀ Virginia, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹrú ni Jane ìyá rẹ̀, nítorí náà ẹrú ni òun náà láti inú oyún wá. Ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kí ogun abẹ́lé ilẹ̀ náà tó parí ní 1865, tí àwọn ẹrú sì gba òmìnira. Ìyá rẹ̀ kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Malden, ní West Virginia, níbi tí wọ́n ti ń se iyọ̀ tí wọ́n sì ń wa èédú. Ìdí ààrò iyọ̀ ni a kọ́kọ́ fi ọmọ náà sí. Lẹ́yìn náà a mú un wọ inú kòtò èédú, ibi tí ó ṣókùnkùn tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn lè ṣìnà bí àtùpà ọwọ́ rẹ̀ bá kú.

Inú kòtò yìí ni ọ̀rọ̀ Hampton ti kọ́kọ́ dé etí rẹ̀. Ní ọjọ́ kan àwọn òṣìṣẹ́ méjì ń sọ̀rọ̀ nípa ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan tí a dá sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú ní Virginia. Ọmọ náà rọra rá sún mọ́ wọn nínú òkùnkùn kí ó lè gbọ́ dáradára. Wọ́n ní ẹni tí kò lówó lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san owó oúnjẹ níbẹ̀, kí ó sì kọ́ iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ìwé. Ọ̀gágun Samuel Armstrong ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1868, láti sọ àwọn ọmọ ẹrú àná di olùkọ́. Nítorí àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú tó mílíọ̀nù mẹ́rin, àwọn tí yóò sì kọ́ wọn ní ìwé kò tó nǹkan.

Ẹ wo irú yíyàn tí èyí jẹ́, ẹ̀yin ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ a máa wádìí orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, a máa bèèrè iye owó rẹ̀ àti ìwé ẹ̀rí tí yóò gbà níbẹ̀. Booker kò rí ẹni bi léèrè. Kò mọ apá ibi tí Hampton wà, kò mọ bí ó ti jìnnà tó, kò sì mọ bí ènìyàn ti í dé ibẹ̀. Ohun kan péré ni ó dì mú: pé ibẹ̀ kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ aláìní, bí ó bá ti lè ṣiṣẹ́. Fún ẹni tí ó wà ní ipò tirẹ̀, mo rò pé kò sí ohun mìíràn tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ju èyí lọ.

Kí ó tó lọ, ó di ọmọ ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Viola Ruffner, aya ẹni tí ó ni ilé iyọ̀ àti kòtò èédú náà. Dọ́là 5 ni owó iṣẹ́ rẹ̀ lóṣù. Obìnrin náà le. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò fẹ́ rí eruku lórí àga, kò fẹ́ rí ìdọ̀tí ní àgbàlá, kò sì fẹ́ irọ́. Booker fara dà á, ó sì kọ́ bí a ti ń tọ́jú ilé.

Ní 1872 ó múra ìrìn àjò. Ara ìyá rẹ̀ kò le, ẹ̀rù sì ń ba obìnrin náà pé ìrìn asán ni ọmọ òun fẹ́ rìn. Ó fi ìlọ́ra gbà fún un. Ọkọ ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé ti ná èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí ó ti ṣiṣẹ́ fún. John ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un ní ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká. Ní tèmi, àwọn arúgbó Malden ni ó wú mi lórí jù, àwọn tí wọ́n ti lo èwe wọn tán nínú ẹrú: ẹni kan mú sẹ́ǹtì 5 wá, ẹlòmíràn mú sẹ́ǹtì 25, ẹlòmíràn mú áńkáṣífì kan ṣoṣo. Wọn kò rò ó rí pé ojú àwọn yóò rí ọmọ ìran àwọn tí yóò ti ilé lọ sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan bí 500 máìlì ni ọ̀nà náà. Ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó wọ kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà, ó fi ẹsẹ̀ rìn, ó sì bẹ àwọn onírìn-àjò kí wọ́n gbé òun. Ní alẹ́ ọjọ́ kan wọn kò gbà á sí ilé èrò nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ó sì ń rìn kiri títí ilẹ̀ fi mọ́ kí òtútù má baà pa á. Nígbà tí ó dé Richmond, owó ti tán pátápátá. Abẹ́ pákó tí wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ni ó sùn, ẹsẹ̀ àwọn tí ń kọjá sì ń dún gbì-gbì lórí rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ó rí ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n ń já irin nínú rẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n fún iṣẹ́, wọ́n sì fún un. Ó ṣe iṣẹ́ náà fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n abẹ́ pákó náà ni ó ń padà sí lálaalẹ́ kí owó má baà ná. Nígbà tí ó fi máa wọ Hampton, sẹ́ǹtì 50 ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrísí rẹ̀ kò wu Miss Mary Mackie, olórí àwọn olùkọ́ obìnrin. Ó dá a dúró fún wákàtí bíi mélòó kan, ó ń gba àwọn ẹlòmíràn wọlé lójú rẹ̀. Níkẹyìn ó ní kí ó lọ gbá yàrá ìkàwé kan. Booker gbá yàrá náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, ó nù ún ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Miss Mackie fi áńkáṣífì rẹ̀ ra ògiri, ó fi ra tábìlì àti àga, kò rí eruku kankan. Bí ó ṣe wọlé nìyẹn. Ìyáàfin Ruffner ti kọ́ ọ ní ìdánwò náà sílẹ̀ láìmọ̀.

Wọ́n fi í ṣe olùtọ́jú ilé, ó sì ń jí ní agogo mẹ́rin ìdájí láti dá iná. Dọ́là 70 ni owó ẹ̀kọ́ lọ́dún, ọlọ́rẹ kan ni ó ń san án fún un. Kò tilẹ̀ mọ bí a ti ń lo aṣọ ìbusùn méjì: ní alẹ́ àkọ́kọ́ abẹ́ méjèèjì ni ó sùn, ní alẹ́ kejì orí méjèèjì, kí ó tó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó sì mọ̀. Ní ìsinmi ọdún 1874 ìyá rẹ̀ kú. Booker ti wá iṣẹ́ jáde lọ, ilé àlàpà kan ni ó sùn sí ní ọ̀nà àbọ̀, ibẹ̀ ni John ti wá a rí ní òru láti tú u fún un. Ó gba ìwé ẹ̀rí ní 1875, ó padà sí Malden ó di olùkọ́, ó sì ran John náà lọ sí Hampton.

Ní 1878 ó tún yan ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, Wayland, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ìjọ Onítẹ̀bọmi ní ìlú Washington. Níbẹ̀ ìwé nìkan ni wọ́n ń kọ́, kò sí iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ lówó ju ti Hampton lọ, aṣọ wọn dára jù, òmíràn nínú wọn sì mú ní orí jù; ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó ń san ohun gbogbo fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ó dà bí ẹni pé lójú Booker, wọn kò mọ bí a ti ń dá dúró, ó sì rí i pé iṣẹ́ agbáwo ní hòtẹ́ẹ̀lì wù wọ́n ju kí wọ́n lọ kọ́ni ní ìgbèríko. Kí a má ṣe fi ìdájọ́ yìí ṣe àṣejù: nǹkan bí oṣù mẹ́jọ péré ni ó lò níbẹ̀, ẹni tí ó sì ti fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ kì í sábà wo èkejì dáradára. Síbẹ̀ ibẹ̀ ni ó ti mọ ohun tí Hampton fún un.

Ó padà sí Hampton ní 1879 láti kọ́ni. Ní 1881 Ọ̀gágun Armstrong rán an lọ sí Tuskegee ní Alabama láti dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù keje ni ó ṣí i pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 30, nínú ilé jákujàku kan tí ó jò tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan máa ń di agboòrùn lé olùkọ́ lórí nígbà òjò. Hampton ni ó tún kọ́ síbẹ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sun bíríkì, àwọn ni wọ́n mọ ilé, àwọn ni wọ́n ro oko.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀nà yìí tẹ́ lọ́rùn. W. E. B. Du Bois, ẹni tí ó kàwé ní Fisk àti Harvard, kọ̀wé takò ó ní 1903. Ó fi hàn pé bí kò bá sí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ni ní ìwé jíjinlẹ̀, Tuskegee pàápàá kò ní rí olùkọ́. Ní ti èyí, Du Bois jàre. Fisk ni Margaret Murray ti jáde, obìnrin tí Washington fẹ́ lẹ́yìn tí àwọn aya rẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ti kú, tí ó sì jẹ́ olórí àwọn obìnrin ní Tuskegee. George Washington Carver, tí ó wá kọ́ni ní iṣẹ́ àgbẹ̀ ní 1896, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìpínlẹ̀ Iowa ni ó ti gba oyè. Nígbà tí ó sì kan Portia, ọmọ bíbí Washington, Wellesley ni ó lọ ní 1901, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin tí ìwé ibẹ̀ jinlẹ̀ gidigidi.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1915, àìsàn kọlù ú ní New York. Nígbà tí ó mọ̀ pé ikú ti súnmọ́, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sílé. Ọjọ́ 14 oṣù náà ni ó kú ní Tuskegee, kò tó ọjọ́ kan lẹ́yìn tí ó dé. Àwọn ilé tí ó wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà náà lé ní 100, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó 1,500, inú ọgbà náà ni a sì sin ín sí.