Hugh Owen Thomas, Ọmọ Ilé Àwọn Tó Ń To Eegun



Ní agbègbè tiwa yìí, láti Okokomaiko dé Iba títí dé Ọ̀jọ́, kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ọjà Àlàbá lè fi ojú ẹsẹ̀ ènìyàn rí. Jẹnẹrétọ̀ tí ọkùnrin mẹ́rin gbé, tó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Fìríìjì tó já láti orí ọkọ̀ ẹrù. Ọ̀kadà tó ń sáré lórí títì Badagry lápá ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí eegun bá ti dá, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹbí. Àwọn kan á ní kí a gbé e lọ sí Igbobi. Àwọn kan á ní bàbá kan wà lẹ́bàá ilé wọn tó ń to eegun, owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní gé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ìyá tàbí ìyàwó ni ọ̀rọ̀ náà máa ń parí sí, nítorí òun ni yóò bu omi, tí yóò se oúnjẹ, tí yóò sì sùn lẹ́bàá aláìsàn. Nítorí náà ni a ṣe mú ìtàn ọkùnrin yìí wá fún yín. Ó ti kú láti ọdún 1891, ṣùgbọ́n inú ilé àwọn tó ń to eegun gan-an ni a bí i sí, ó sì lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ní nǹkan bí ọdún 1745, ọkọ̀ ojú omi kan rì ní etí òkun erékùṣù Anglesey, ní ilẹ̀ Wales. Wọ́n rí ọmọdékùnrin kan gbà là níbẹ̀. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọ́ èdè Wales, kò sì sí ẹni tó mọ ìlú tó ti wá. Ìdílé àgbẹ̀ kan gbà á tọ́, wọ́n sọ ọ́ ní Evan Thomas. Bó ti ń dàgbà ni wọ́n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ eegun tò. Ẹsẹ̀ ẹran ọ̀sìn ló kọ́kọ́ ń tò kó tó kan ti ènìyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń dá ẹsẹ̀ adìẹ, tí wọ́n á tò ó pọ̀ mọ́ ti aláìsàn, tí wọ́n á ní ọjọ́ tí adìẹ bá rìn ni aláìsàn yóò rìn, mo mọ̀ pé ẹ ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tí ẹ dé yìí.

Iṣẹ́ náà ń lọ láti ọwọ́ bàbá sí ọwọ́ ọmọ, títí ó fi kan Evan Thomas mìíràn, ẹni tó kó lọ sí Liverpool. Ìlú èbúté ni Liverpool. Ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ Elder Dempster ti máa ń gbéra wá sí Èkó lẹ́yìn náà. Àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté, àwọn atukọ̀, àwọn tó ń rọ irin, gbogbo wọn ló ń ya bo ilé rẹ̀. Inú àwọn dókítà ìlú kò dùn sí i. Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù nígbà tó pọ̀, ó sì ń jáde láre. Síbẹ̀, ó rí i pé ayé ń yí. Ó pinnu pé kò sí èyí tí yóò ṣe irú iṣẹ́ yìí láìní ìwé ẹ̀rí nínú àwọn ọmọ òun. Ọkùnrin márùn-ún ló bí, àwọn márààrún sì di dókítà.

Hugh Owen ni ọ̀kan nínú wọn. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 1834, ní Anglesey. Ọmọ aláìlera ni, ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀ àgbà ló sì gbé títí ó fi pé ọdún 13. Ojú rẹ̀ kan fara pa ní kékeré, ìpéǹpéjú ibẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò mọ́. Ìyẹn ló mú kí ó máa dé fìlà atukọ̀ títí ayé rẹ̀, tí yóò sì fà á wálẹ̀ bo ojú náà. Ó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ kan tí í ṣe dókítà fún ọdún mẹ́rin, ó lọ sí Edinburgh, ó lọ sí University College ní London, ó gba ìwé ẹ̀rí ní 1857, ó sì dé Paris lọ wo bí wọ́n ti ń ṣe é lọ́hùn-ún.

Nígbà tó padà dé, ó bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀. Kò pé púpọ̀ tí wọ́n fi túká. Ohun tí ọmọ ti kà nípa ara ènìyàn kò jẹ́ kó lè gba gbogbo ọ̀nà tí bàbá ń gbà ṣe nǹkan. Ó dùn mí díẹ̀ nígbà tí mo kà á, nítorí bàbá náà ló fi owó ara rẹ̀ rán an lọ sí ilé ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọmọ mú kúrò nílé àti ohun tó fi sílẹ̀. Ó mú sùúrù àwọn tó ń to eegun, ọwọ́ tó mọ ibi tí eegun yẹ kó wà, àti igi tí a fi ń gbé ẹsẹ̀ ró. Ó fi ìdè tó ń fún ẹran ara pa sílẹ̀, àti àìmọ ohun tó wà lábẹ́ awọ.

Láti 1866 títí ó fi kú, nọ́ńbà 11, Nelson Street ni ilé rẹ̀. Ó gba alágbẹ̀dẹ kan àti oníṣẹ́ awọ kan sínú ilé náà, kí wọ́n lè máa rọ irin, kí wọ́n sì máa rán awọ bó bá ti wọn ẹsẹ̀ aláìsàn tán. Ènìyàn kúkurú, tín-ínrín ni, kóòtù dúdú lọ́rùn, sìgá lẹ́nu. (Ẹ má wo ti sìgá.) Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti ń kiri ilé àwọn aláìsàn pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ tí wọ́n kùn ní pupa, tí yóò sì padà wá bá àwọn tó ń dúró dè é. Ọjọ́ Sunday, ọ̀fẹ́ ni fún àwọn aláìní. Òun àti Elizabeth ìyàwó rẹ̀ kò bímọ. Robert Jones, ọmọ ẹbí ìyàwó rẹ̀, ni wọ́n gbà sílé nígbà tó pé ọmọ ọdún 16, kó lè lọ ilé ìwé dókítà láti ibẹ̀. Kò sí ilé ìwòsàn ńlá kan tó fún Thomas ní ipò rí.

Kí ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an? Ní ayé ìgbà náà, ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa wọ inú oríkèé àwọn ọmọdé, ìbàdí àti orúnkún, a sì máa jẹ ẹ́. Kíákíá ni àwọn dókítà fi ń gé ẹsẹ̀ tàbí kí wọ́n gé oríkèé náà kúrò. Thomas kò fẹ́ràn ọ̀bẹ. Èrò rẹ̀ ni pé bí oríkèé bá sinmi pátápátá, tí ìsinmi náà kò dá dúró, tó sì pẹ́ tó, ara fúnra rẹ̀ yóò tún un ṣe. Ó kọ ìwé lórí àìsàn oríkèé ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ní 1875. Ọ̀nà kan tó fi ń mọ̀ bóyá ìbàdí ti ká kò, tí yóò dá aláìsàn dùbúlẹ̀ tí yóò sì tẹ orúnkún kejì mọ́ àyà, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pè é níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà.

Èyí tó jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n jù ni irin ẹsẹ̀ tó ṣe, Thomas splint. Bí eegun itan bá dá, àwọn iṣan itan tó lágbára á fa apá kejì gun orí èkíní. Ṣóńṣó eegun á máa gún ẹran, á máa gé iṣan ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ju lítà kan lọ lè dà sínú itan láìhàn síta. Irin Thomas ní òrùka tí wọ́n fi awọ bò, tó máa ń jókòó sí ìdí itan. Ọ̀pá irin méjì gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì lọ kọjá àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n á so ẹsẹ̀ mọ́ ìparí rẹ̀, wọ́n á fà á, eegun á sì dúró jẹ́ẹ́. Ẹ kíyè sí i pé irin náà kò fún ẹsẹ̀ mọ́ra yíká. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ ńlá wà sí ọparun tí wọ́n fi okùn dì pinpin. Ẹsẹ̀ tó dá gbọ́dọ̀ wú. Bí ìdè kò bá fi àyè sílẹ̀, wíwú náà á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, láàárín wákàtí díẹ̀ ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ á tutù, á kú tipiri, á dúdú, ìrora á máa pọ̀ sí i dípò kó dín. Bí ẹ bá rí èyí lára ẹnikẹ́ni, ẹ tú ìdè náà kí ẹ sì gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ọ̀la. Ẹsẹ̀ tí wọ́n bẹ̀rù pé ọsibítù yóò gé, ìdè yìí ló máa ń sọ ọ́ di gígé.

Òtútù àyà ló pa Thomas ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1891. Ẹni ọdún 56 ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ Liverpool ló tò sí ojú pópó lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá ní London kò tíì ka irin rẹ̀ sí.

Robert Jones ló gbé e dé ibi tó yẹ. Ó ti tọ́jú àwọn tó fara pa níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ odò ọkọ̀ ti Manchester, ó mọ ohun tí irin náà lè ṣe. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914, àwọn ọmọ ogun tí ìbọn dá eegun itan wọn ń kú lọ bí ẹ̀fọn. Iye tí àwọn tó kọ ìtàn ogun náà máa ń sọ ni pé nǹkan bí 80 nínú 100 ló ń kú níbẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá kọ́ àwọn tó ń gbé aláìsàn lójú ogun láti fi irin Thomas sí ẹsẹ̀ lórí ṣòkòtò àti bàtà, wọ́n tilẹ̀ ń di ojú wọn kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n ṣe nínú òkùnkùn. Kí ogun tó parí ní 1918, àwọn tó ń kú ti wálẹ̀ sí nǹkan bí 20 nínú 100.

Obìnrin kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Agnes Hunt, nọ́ọ̀sì, àìsàn ti ba ìbàdí tirẹ̀ jẹ́ láti kékeré, ó sì ń tiro. Ní 1900 ó ṣí ilé kan fún àwọn ọmọ arọ ní abúlé Baschurch. Ó lọ bá Robert Jones fún ìtọ́jú ara rẹ̀, ó sì fà á wá láti máa ṣe iṣẹ́ abẹ fún àwọn ọmọ náà. Lójú tèmi, ohun tó ṣe pàtàkì jù tí ó ṣe ni pé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí sí ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ó ṣètò kí wọ́n máa wo àwọn ọmọ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti padà sílé. Ọsibítù tó ti ibẹ̀ jáde wà ní Oswestry, orúkọ òun àti ti Jones ló ń jẹ́.

Èyí ni ìmọ̀ tó dé Èkó. Igbobi, tó wà ní àdúgbò kan náà pẹ̀lú Igbobi College tí ìjọ Methodist àti Áńgílíkà dá sílẹ̀ ní 1932, bẹ̀rẹ̀ ní 1945 láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun wa tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Lónìí ó jẹ́ ti gbogbo Nàìjíríà.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ Thomas ni ìmọ̀ òde òní gbà. Oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tó dé láti àwọn ọdún 1940 ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ìwádìí sì ti fi hàn pé ẹni tó bá dùbúlẹ̀ pẹ́ jù, iṣan rẹ̀ á rù, oríkèé rẹ̀ á gan, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú ẹsẹ̀ kó gba ibẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń fi ọ̀pá irin sínú eegun itan ọ̀pọ̀ àgbàlagbà báyìí, kí wọ́n lè tètè dìde. John Charnley fi ìdí oríkèé ìbàdí àtọwọ́dá múlẹ̀ ní 1962, ní ọsibítù Wrightington tí kò jìnnà sí Liverpool. Ẹni tí wọ́n bá ṣe é fún lónìí, wọn kì í pẹ́ kí wọ́n tó ní kó dìde dúró, ó lè jẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ má fi àánú dá a padà sórí ibùsùn.

Ní ti àwọn tó ń to eegun, ní Nàìjíríà níhìn-ín àti ní Ethiopia, àwọn dókítà kan ti pè wọ́n jókòó, wọ́n kọ́ wọn ní bí a ti ń di ẹsẹ̀ láìfún un pa, àti irú eegun tí wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, bí èyí tó ti yọ síta. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́ tí wọ́n ń gé dín kù ní àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Bí ẹ bá lọ kí aláìsàn nílé ìwòsàn, tí ẹ rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú irin olórùka, tí wọ́n so nǹkan wíwúwo rọ̀ ní ìparí ibùsùn, iṣẹ́ Thomas nìyẹn. Ohun tó rọ̀ náà ló ń fa eegun sí ipò. Aláìsàn á bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun gbé e kúrò fún ìṣẹ́jú kan péré kí òun lè sinmi. Ẹ bu omi fún un, ẹ bá a tún ìrọ̀rí ṣe, ẹ pe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fọwọ́ kan nǹkan náà.