Àlùfáà Thomas Moulero àti Ìrántí Ogun Kétu

Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìjọsìn ní ilẹ̀ Faransé, òkúta pẹlẹbẹ kan wà lára ògiri, tí a gbẹ́ orúkọ àwọn ọmọ ìjọ tí ogun 1914 sí 1918 pa sí. Àwọn òkú ogun Kétu kò ní irú òkúta bẹ́ẹ̀. Ìwé ni ó gba ipò òkúta fún wọn, ọmọ Kétu kan tí ó di àlùfáà ni ó sì kọ ọ́. Ìdí nìyí tí a fi ń rántí Àlùfáà Thomas Moulero nínú ìwé júbílì yìí, pàápàá jù lọ àwa tí ìran wa ti ìhà Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wá sí Parakou.

Ní ọdún 1886 ni àwọn ọmọ-ogun Glèlè, ọba Àbọ́mẹ̀, pa Kétu run lẹ́yìn tí wọ́n ti dó tì í pẹ́, tí ebi sì ti mú ìlú. Àwọn tí ogun kò pa, a kó wọn ní ìgbèkùn lọ sí Àbọ́mẹ̀. Kétu di ahoro. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Àbọ́mẹ̀ ní 1892 ni ọ̀nà ṣí fún àwọn tí ó ṣẹ́kù láti padà wá tún ilé kọ́ lẹ́yìn ẹnubodè Ìdènà. Nígbà tí Moulero fi ń dàgbà, àwọn tí ọ̀ràn náà ṣojú wọn ṣì wà láàyè.

Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà Saint-Gall, tí a dá sílẹ̀ ní Ouidah ní 1914. Kí ó tó gba oyè ni ó ti ń kọ ìtàn Kétu sínú La Reconnaissance africaine, ìwé ìròyìn tí Àlùfáà Francis Aupiais dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ní 1925. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1928, ọjọ́ àjọ̀dún ìgbàsókè Màríà Wúńdíá sí ọ̀run, Bíṣọ́ọ̀bù Steinmetz gbé ọwọ́ lé e lórí. Òun ni ọmọ ilẹ̀ Dàhómì àkọ́kọ́ tí ó di àlùfáà Àgùdà. Ẹ rò ó wò: Ouidah tí ó ti gba oyè yìí wà lábẹ́ ọba Àbọ́mẹ̀ nígbà tí a ń kó àwọn ará Kétu lọ.

Ní 1964 ó tẹ ìtàn Ṣábẹ̀ẹ́ àti ti àwọn Wémènù jáde nínú Études dahoméennes, nítorí kì í ṣe Kétu nìkan ni ogun Àbọ́mẹ̀ dé. Ó kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pẹ̀lú, ohun tí àwọn mìíràn kì yóò retí lọ́wọ́ àlùfáà. Ṣùgbọ́n àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti 1965 ni mo fẹ́ràn jù. Nínú rẹ̀ ni ó ti so ogun méjì pọ̀: bí Glèlè ṣe ṣẹ́gun Kétu, àti bí Faransé ṣe ṣẹ́gun Àbọ́mẹ̀.

Èdè Faransé ni ó fi kọ wọ́n. Ní ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, tí a bá ń gbàdúrà fún àwọn òkú wa, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá wa tí ìran wọn lọ ìgbèkùn Àbọ́mẹ̀ ni kò lè ka ojú ewé kan nínú rẹ̀.